Bí a ṣe ń dán debugger ọ̀nà jíjìn wò nígbà tí ètò bá jáde: ìdánwò mi ń kùnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan

ọmọ_tẹ́mínà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba oorun lójú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Mo ń kọ stub kékeré kan, ìyẹn ètò tí ó ń ṣojú debugger lórí ẹ̀rọ mìíràn, tí ó ń sọ èdè tí GDB (debugger tí a fi ń wá àṣìṣe inú ètò) fi ń bá gdbserver (stub ti GDB fúnra rẹ̀) sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Stub yìí ló ń bẹ̀rẹ̀ ètò lórí ẹ̀rọ kejì tí ó ń lo Linux, ó ń fi ptrace, ohun èlò Linux tí ètò kan fi ń ṣàkóso òmíràn, dì í mú, ó sì ń ròyìn ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ fún debugger tí ó wà lórí ẹ̀rọ tèmi. Breakpoint (ibi tí mo ní kí ètò dúró) ń dúró níbi tí ó yẹ, mo ń ka memory àti register láìsí wàhálà, mo sì lè máa lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ètò bá parí iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fẹ́ jáde, ni ọ̀rọ̀ máa ń wọ́.

Ìdánwò mẹ́ta ni mo kọ fún ìjáde. Nínú àkọ́kọ́, main dá 0 padà. Nínú èkejì, ètò náà pe exit pẹ̀lú 42. Nínú ẹ̀kẹta, ètò náà fi SIGUSR1, ọ̀kan nínú àwọn signal (àmì tí a ń fi ránṣẹ́ sí ètò), pa ara rẹ̀. Mi ò lo GDB gan-an nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí. Ètò kékeré kan ni mo fi Python kọ, tí ó ń fi packet (ìdì ọ̀rọ̀ kékeré) ránṣẹ́ sí stub, tí ó ń ka èsì, tí ó sì ń retí pé kí ìsopọ̀ wá sí òpin ní ìrọwọ́rọsẹ̀ lẹ́yìn tí ètò bá ti jáde.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ló yẹ kí ó rọrùn jù, òun gan-an ló sì ń yọ mí lẹ́nu jù. Bí mo bá ṣe é ní ogún ìgbà, á yege ní ìgbà mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún, á sì kùnà ní ìyókù pẹ̀lú "Connection reset by peer". Tí stub àti ìdánwò bá jọ wà lórí ẹ̀rọ kan náà, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kùnà rárá. Èkejì ń kùnà ní gbogbo ìgbà, nítorí pé 42 ni mo ń retí, W2a ló sì ń dé. Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ dé ibi ìjáde: T0a ló ń dé, lẹ́yìn náà kò sí ohunkóhun mọ́ títí àkókò ìdúró fi pé.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

---

ayẹ̀wò_fínnífínní kọ:

Ẹ kú ìforítì. Ẹ jẹ́ kí n tètè mú èkejì kúrò nílẹ̀, torí pé stub yín kò jẹ̀bi níbẹ̀. Ìṣírò onímẹ́rìndínlógún ni a fi ń kọ nọ́ńbà ìjáde sínú packet W, 42 sì ni 2a. Ìdánwò yín ló yẹ kí ó yí i padà kí ó tó fi wé. Ẹ tún kíyè sí i pé tí ẹ bá fi GDB gan-an wò ó, ìlà tí yóò tẹ̀ jáde á parí pẹ̀lú "exited with code 052", nítorí pé ìṣírò onímẹ́jọ ni GDB ń lò nínú ìlà yẹn, nígbà tí `p $_exitcode` yóò fún yín ní 42. Nọ́ńbà kan náà ni 2a, 052 àti 42. Mo ti rí ẹni tí ó lo ọjọ́ kan gbáko lórí 052 yìí.

42 tí ẹ yàn dára gan-an ni, ẹ má yí i padà. Tí ẹ bá fi 1 tàbí 7 ṣe ìdánwò, ìṣírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọra, àṣìṣe ìyípadà ò sì ní hàn. Ẹ fi ọ̀kan kún un tí ètò á ti pe exit pẹ̀lú 256, W00 ló gbọ́dọ̀ jáde, àti òmíràn tí á ti pe exit pẹ̀lú -1, Wff ló gbọ́dọ̀ jáde. Bíìtì mẹ́jọ ìsàlẹ̀ nìkan ni kernel (ọkàn Linux) ń gbé fún òbí process nípasẹ̀ waitpid, èyí tí òbí fi ń béèrè bí ọmọ rẹ̀ ṣe parí.

Fún àkọ́kọ́, ẹ fi àkọsílẹ̀ ohun tí ó kọjá lórí ìsopọ̀ hàn wá, láti ìgbà tí ẹ sọ pé kí ètò máa lọ títí dé ibi tí àṣìṣe ti yọ, ẹ sì sọ fún wa ohun tí stub yín ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti fi W ránṣẹ́.

---

ọmọ_tẹ́mínà kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ṣàtúnṣe èkejì, ó sì ti yege. Àkọsílẹ̀ ìgbà kan tí àkọ́kọ́ kùnà nìyí:

ìdánwò sí stub: `$vCont;c#a8` (pé kí ètò máa lọ)
stub sí ìdánwò: `+`
stub sí ìdánwò: `$W00#b7`
ìdánwò sí stub: `+`
ìdánwò ń ka ìsopọ̀: Connection reset by peer

Nígbà tí ó bá yege, ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ kì í yàtọ̀ rárá. Èyí tí ó gbẹ̀yìn nìkan ló ń yí padà: kíkà á dá òfo padà, ìyẹn ni pé stub ti pa ìsopọ̀ dé, ohun tí mo sì ń retí gan-an nìyẹn.

Ní ti ohun tí stub ń ṣe: ó fi W00 ránṣẹ́, ó sì pe close lórí socket (ẹnu ìsopọ̀). Kò sí nǹkan mìíràn láàárín wọn.

---

Baba_Kánẹ́lì kọ:

Àbúrò, ìdáhùn ti wà nínú ìlà mẹ́rin tí o kọ yẹn. Wo `+` tí ìdánwò rẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn W00. Ta ló kà á?

Nínú èdè yìí, àyàfi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ti fi QStartNoAckMode fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò lò ó, gbogbo packet tí ó bá dé ni ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ fi `+` dá lóhùn, W náà kò sì yọ sílẹ̀. Stub tìrẹ fi W00 ránṣẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn kí ìdáhùn tó dé. Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, méjèèjì kò sì dára. Tí `+` bá dé sórí ẹ̀rọ kejì lẹ́yìn tí socket ti di pípadé, kernel ibẹ̀ á rí i pé kò sí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ yìí mọ́, á sì dá RST, àmì tí TCP (ìlànà ìsopọ̀ náà) fi ń já ìsopọ̀ lójijì, padà. Tí `+` bá dé kí o tó pe close, ṣùgbọ́n tí stub kò kà á, close náà fúnra rẹ̀ ni yóò fi RST ránṣẹ́ dípò FIN, àmì òpin ìrọwọ́rọsẹ̀, torí pé ohun tí a kò kà ṣì wà nínú àpò ìgbàwọlé. RFC 2525, ìwé kan lórí àwọn àṣìṣe inú TCP tí ó jáde ní 1999, ka ìwà yìí sí èyí tí ó tọ́ fún TCP, Linux sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí ló fà á tí ó fi ń yege lẹ́ẹ̀kan tí ó sì ń kùnà lẹ́ẹ̀kan. FIN àti RST ló ń sáré dé ọ̀dọ̀ ìdánwò rẹ. Bí FIN bá ti wà nílẹ̀ kí ìdánwò tó ka ìsopọ̀, ó yege. Bí RST bá ṣáájú, ó kùnà. Tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá wà lórí ẹ̀rọ kan náà, FIN ti máa ń wà nílẹ̀ kí ìdánwò tó mí, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí i níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tí close bá yọrí sí RST, ohun tí ó ṣì wà nínú àpò ìfiránṣẹ́ stub á dànù pẹ̀lú rẹ̀. W00 fúnra rẹ̀ lè wà lára ohun tí ó dànù. Ìyẹn ni pé ètò kan lè kú lórí ẹ̀rọ kejì, kí stub gbà pé òun ti ròyìn ikú náà, kí debugger má sì gbọ́ nǹkan kan ju pé ìsopọ̀ já. Ẹni tí ó bá jókòó sídìí debugger ò ní mọ̀ bóyá ètò òun jáde pẹ̀lú 0 tàbí ẹ̀rọ ni ó kú.

Báyìí ni kí o ṣe é. Fi W00 ránṣẹ́. Máa ka ìsopọ̀ títí tí `+` yóò fi dé. Bí `-` bá ló dé, tún W00 fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà pe shutdown fún apá ìkọ̀wé nìkan, kí FIN lè lọ. Ka ìsopọ̀ títí tí yóò fi dá òfo padà, kí o fi gbèdéke àkókò sí i, kí o má baà dúró láéláé de ẹni tí ó ti sá lọ. Ìgbà yẹn ni kí o tó pe close.

---

ìdákọ kọ:

Mo gbà pé àlàyé Baba Kánẹ́lì tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Nígbà tí a bá so GDB mọ́ stub pẹ̀lú `target remote`, GDB fúnra rẹ̀ ló ń já ìsopọ̀ náà gbàrà tí W bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kò ní ka ohunkóhun mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lo GDB kò ní rí RST yìí láéláé. Ṣé kì í ṣe pé ìdánwò náà ló le jù? Ó lè gba òpin ìrọwọ́rọsẹ̀ àti RST bákan náà, tàbí kí stub sùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó pe close, ọ̀rọ̀ á sì parí.

---

Baba_Kánẹ́lì kọ:

Ìbéèrè gidi ni, ìdákọ, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí W00 ti dé ọwọ́ debugger nìkan ni RST lè wáyé, ǹ bá gbà pẹ̀lú rẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àṣìṣe kan náà ló ń mú kí RST wáyé lẹ́yìn W00 tí ó sì lè mú kí W00 dànù, èkejì sì ṣọ̀wọ́n ju èkíní lọ. RST tí ìdánwò àbúrò wa rí ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí a ní kí ọ̀rọ̀ tó burú. Tí a bá kọ́ ìdánwò láti gbójú fò ó, a ti fọ́ ojú tí ó rí i.

Sísùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan kò yanjú nǹkan kan. `+` á dé láàárín àkókò yẹn, kò ní sí ẹni tí ó kà á, close á sì wá fi RST ránṣẹ́ dájúdájú. Ìyẹn ni pé oorun yẹn á sọ àṣìṣe tí ó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan di èyí tí ó ń wá ní gbogbo ìgbà. Èmi á tilẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi sísùn yẹn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó lè rí i fúnra rẹ̀ pé ìdánwò àkọ́kọ́ kùnà ní ogún ìgbà nínú ogún, kí ó tó wá ṣe àtúnṣe.

---

Ìyá_Kóòdù kọ:

Mo fẹ́ dá sí ìdánwò kẹta, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tíì fọwọ́ kàn án, àṣìṣe ńlá sì wà nínú rẹ̀ tí kò hàn sí ojú.

T0a tí stub rẹ fi ránṣẹ́ kò tọ́, ọmọ_tẹ́mínà. Mo mọ ibi tí o ti rí i: lórí Linux ti x86, 10 ni SIGUSR1, 10 sì ni 0a. Ṣùgbọ́n èdè yìí kò lo nọ́ńbà signal ti ẹ̀rọ tí ètò wà lórí rẹ̀. GDB ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí debugger lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìka irú ẹ̀rọ tí ó wà ní ìkángun kejì sí. Nínú nọ́ńbà GDB, 30 ni SIGUSR1, ìyẹn 1e. Èyí tí ó jẹ́ 10 níbẹ̀ ni SIGBUS. Ohun tí stub rẹ ń sọ fún debugger ni pé ètò náà kọsẹ̀ lórí àdírẹ́sì memory tí kò dára, nígbà tí kò sí ohun tí ó jọ ọ́. SIGKILL, SIGSEGV àti SIGABRT, ìyẹn 9, 11 àti 6, bára mu nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi àwọn mẹ́ta yìí nìkan ṣe ìdánwò kò ní mọ̀ láé pé stub òun kò yí nọ́ńbà padà.

Ìdí tí kò fi sí nǹkan mọ́ lẹ́yìn T0a kò le. T jẹ́ ìròyìn ìdúró, kì í ṣe ìròyìn ikú. Ptrace dá ètò náà dúró nígbà tí signal fẹ́ bà á, stub ròyìn ìdúró náà, ó sì ń dúró de ìdánwò rẹ kí ó sọ ohun tí yóò ṣe. Ìdánwò rẹ náà ń dúró de ikú. Olúkúlùkù ń wo ẹnu ẹnìkejì. Ohun tí ó yẹ kí ìdánwò ṣe ni kí ó fi signal náà lé ètò lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ:

stub sí ìdánwò: packet tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `T1e`
ìdánwò sí stub: `$vCont;C1e#1e`
stub sí ìdánwò: `$X1e#ee`

C ńlá ni kí o lò. Tí o bá fi c kékeré ránṣẹ́, signal náà á dànù, ètò á sì máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí `#1e` tí ó wà ní ìparí dà ọ́ rú. Àpapọ̀ ìṣàyẹ̀wò packet náà ló bọ́ sí 1e bẹ́ẹ̀, kò ní í ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà signal.

X ni lẹ́tà tí a fi ń ròyìn ètò tí signal pa, W sì ni ti èyí tí ó jáde fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni kí ìdánwò rẹ dúró lé lórí ju ohunkóhun lọ. Mo ti rí stub tí ó ń fi W0a tàbí ohun tí ó jọ ọ́ ránṣẹ́ fún ètò tí signal pa, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ gbé nọ́ńbà tí waitpid dá padà láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ WIFEXITED àti WIFSIGNALED èwo ni èwo. Lọ́wọ́ GDB, `$_exitcode` ló máa ń ní nǹkan nínú tí ètò bá jáde fúnra rẹ̀, `$_exitsignal` sì ni tí signal bá pa á. Èkejì á ṣófo, o sì lè fi `$_isvoid` dán an wò. Ohun kan tí yóò yà ọ́ lẹ́nu ni pé `$_exitsignal` á sọ 10 fún SIGUSR1 yìí, nítorí pé GDB ti yí 30 padà sí nọ́ńbà ti Linux kí ó tó fi hàn ọ́. 30 lórí ìsopọ̀, 10 níwájú rẹ: bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.

Tún fi ìdánwò kan kún un fún SIGKILL. Ptrace kì í dá ètò dúró fún un, nítorí náà kò ní sí T rárá, `$X09#c1` ló gbọ́dọ̀ dé tààrà.

---

ọmọ_tẹ́mínà kọ:

Ìyá Kóòdù, ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò bá má mọ ọ̀rọ̀ SIGBUS yẹn láéláé.

Mo ti ṣe bí Baba Kánẹ́lì ṣe wí. Mo kọ́kọ́ fi sísùn ìṣẹ́jú àáyá kan sáàárín W00 àti close, ìdánwò àkọ́kọ́ sì kùnà ní gbogbo ogún ìgbà. Lẹ́yìn náà mo yọ ọ́ kúrò, mo fi kíka `+` àti shutdown sí i, ó sì yege ní igba ìgbà láìkọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta náà ti ń fún mi ní T1e, lẹ́yìn náà X1e.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti yọ. Mo kọ ètò kan tí ó ní thread mẹ́ta (ìlà iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kan). Thread àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tí main wà nínú rẹ̀, pe pthread_exit, àwọn méjì yòókù sì ń bá iṣẹ́ lọ, ọ̀kan nínú wọn á sì pe exit pẹ̀lú 42 nígbẹ̀yìn. Stub mi fi W00 ránṣẹ́ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn thread bá kú, nígbà tí ètò fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè tí ó ń tẹ nǹkan sójú tẹ́mínà.

---

ayẹ̀wò_fínnífínní kọ:

Ibi tí ọ̀pọ̀ stub ti ń ṣubú lẹ dé yìí, ẹ jẹ́ kí a farabalẹ̀ wò ó.

Ó hàn pé ẹ ń pe waitpid pẹ̀lú -1 àti `__WALL`, ìyẹn ni pé ẹ ń dúró de èyíkéyìí nínú wọn, tí ẹ sì ń gba èsì èyíkéyìí tí WIFEXITED bá sọ pé ó jáde gẹ́gẹ́ bí ikú ètò. Lójú ptrace, thread kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, kernel sì ń ròyìn ikú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Thread tí kì í ṣe olórí bá kú, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé yín, kí ẹ má sì sọ nǹkan kan fún debugger, àyàfi tí ó bá ti fi QThreadEvents béèrè. Bí ó bá béèrè, packet `w` kékeré ni ẹ ó fi ròyìn rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà thread náà. `w` kékeré fún thread, `W` ńlá fún gbogbo process: ẹ jẹ́ kí ìdánwò yín ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kí ó má kàn wo lẹ́tà láìbìkítà bí ó ṣe tóbi tó.

Ti olórí yàtọ̀. Nígbà tí thread olórí bá pe pthread_exit tí àwọn mìíràn sì wà láàyè, ó di zombie, òkú tí a kò tíì sin, kernel kì í sì jẹ́ kí waitpid ròyìn rẹ̀ títí gbogbo àwọn tí ó kù yóò fi lọ. Ẹ lè rí i nínú `/proc`, ibi tí Linux ti ń fi ipò process kọ̀ọ̀kan hàn: ipò Z ni olórí á wà, àwọn thread rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ìjáde tí ẹ bá rí gbà fún olórí nígbẹ̀yìn, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn yòókù pe exit, ni nọ́ńbà ìjáde gbogbo ètò, ìyẹn 42 nínú ìdánwò yín. Òun nìkan ló gbọ́dọ̀ di W.

Nítorí náà, ìdánwò mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ níbí. Nínú èkíní, thread kékeré kú, olórí ń bá iṣẹ́ lọ. Kò gbọdọ̀ sí ìròyìn kankan. Nínú èkejì, olórí kú kí àwọn yòókù tó kú. Kò gbọdọ̀ sí ìròyìn títí exit yóò fi wáyé, W2a kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ dé. Nínú ẹ̀kẹta, thread kan tí kì í ṣe olórí pe exit nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà láàyè. W2a kan ṣoṣo náà ni. Mo tún "kan ṣoṣo" sọ nítorí pé lẹ́yìn tí W bá ti dé, ìdánwò gbọ́dọ̀ máa ka ìsopọ̀ títí dé òpin rẹ̀, kí ó lè rí i bí W kejì bá tẹ̀lé e.

Ẹ tún rántí ọ̀ràn tí debugger bá sọ pé kí thread kan ṣoṣo máa lọ, tí thread náà sì kú nígbà tí àwọn yòókù wà ní ìdúró. Kò sí ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ mọ́, ètò kò sì kú. N ni packet tí a fi ń sọ èyí, bí debugger bá ti sọ níbẹ̀rẹ̀ pé òun gbọ́ `no-resumed`. Stub tí kò bá mọ N á kàn dákẹ́, debugger á sì dúró síbẹ̀.

---

ìdákọ kọ:

Baba Kánẹ́lì ti yí mi lọ́kàn padà lórí ọ̀rọ̀ RST, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n san án padà pẹ̀lú ìdánwò méjì tí mo mọ̀ pé ó máa ń mú stub.

Ọ̀kan ni bíbẹ́ ètò dúró lásìkò ikú rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sídìí debugger tẹ Ctrl-C, báìtì 03 kan ṣoṣo sì lọ sórí ìsopọ̀, ṣùgbọ́n ètò ti kú kí báìtì náà tó dé. Stub tí kò bá ṣọ́ra á fi W00 ránṣẹ́ fún ikú, á sì tún fi ìròyìn ìdúró tàbí àṣìṣe ránṣẹ́ fún Ctrl-C, debugger á sì ka ìròyìn kejì gẹ́gẹ́ bí èsì ohun mìíràn tí ó béèrè lẹ́yìn náà. Ìròyìn kan ṣoṣo ló tọ́ sí vCont kan. Ẹ má fi sísùn gbìyànjú láti bá àsìkò náà ṣe déédéé. Ẹ fi ilẹ̀kùn kan sínú stub fún ìdánwò nìkan, láàárín ibi tí waitpid ti dá èsì padà àti ibi tí W ti ń lọ: stub á dúró níbẹ̀, ìdánwò á fi 03 ránṣẹ́, á sì ṣí ilẹ̀kùn náà. Báyìí, ohun kan náà á ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Èkejì ni ohun tí ètò tẹ̀ jáde kí ó tó kú. Bí stub yín bá ń gbé ohun tí ètò ń kọ lọ fún debugger pẹ̀lú packet O, ẹ jẹ́ kí ètò kan kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ó sì jáde lójú ẹsẹ̀. Gbogbo O gbọ́dọ̀ ṣáájú W, nítorí pé ohun tí ó bá tẹ̀lé W kò ní ẹni tí yóò gbà á. Lórí Linux, bí ẹ bá lo pty (tẹ́mínà àfarawé), ẹ ka ẹ̀gbẹ́ tiyín títí tí kíkà á fi dá àṣìṣe EIO padà, ìgbà yẹn ni ẹ mọ̀ pé ó ti gbẹ. Àmọ́ ẹ kíyè sára: bí ètò náà bá ti bí ọmọ process tí ó ṣì di pty náà mú, EIO kò ní dé. Ẹ fi gbèdéke sí i.

Bí ẹ bá tún fẹ́ so ó mọ́ olóòtú kóòdù nípasẹ̀ DAP, èdè tí olóòtú kóòdù fi ń bá debugger sọ̀rọ̀, lọ́jọ́ iwájú, ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni ibẹ̀ ní: `exited` tí ó gbé `exitCode` dání, àti `terminated` tí ó ń sọ pé ìjókòó debug ti parí. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, nítorí pé a lè fi ètò sílẹ̀ láàyè kí ìjókòó sì parí.

---

Ìyá_Kóòdù kọ:

Mo fi ọ̀rọ̀ kan kún ti ìdákọ. Ṣe ìdánwò pípa ètò láti ọwọ́ debugger náà. Packet `k` kò ní èsì kankan tí a gbọ́dọ̀ dúró dè, `vKill` pẹ̀lú nọ́ńbà process sì ń gba OK. Tí ìdánwò rẹ bá ń retí X09 lẹ́yìn `k`, yóò dúró títí. Ohun tí o lè wò dípò rẹ̀ ni ẹ̀rọ kejì fúnra rẹ̀: ṣé process náà ti lọ lóòótọ́, tàbí zombie ló dà?

---

ọmọ_tẹ́mínà kọ:

Ẹ kú àbójútó gbogbo yín. Ó gba ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán àyàfi ẹyọ kan.

Àwọn ìdánwò thread mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yege. Ilẹ̀kùn tí ìdákọ sọ fi hàn mí pé stub mi ń ṣe ohun tí ó sọ gan-an: W00, lẹ́yìn náà E01 fún Ctrl-C. Mo ti jẹ́ kí stub gbójú fo 03 nígbà tí kò bá sí ètò láàyè mọ́. Ti `k` ló bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí pé nígbà tí mo wo ẹ̀rọ kejì lẹ́yìn ìdánwò, mo rí zombie mọ́kànlá tí wọ́n tò sílẹ̀. Stub mi, tí ó ń wà láàyè lẹ́yìn ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ń pa wọ́n láìpe waitpid lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti fi waitpid síbẹ̀, ìdánwò sì ń ka `/proc` nísinsìnyí kí ó tó gbà pé ó yege.

Ẹyọ tí ó kù ni `target extended-remote`, níbi tí ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn W kí a lè tún ètò náà bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá béèrè `?` lọ́wọ́ gdbserver tí kò ní ètò kankan lọ́wọ́, W00 ló ń dá padà, nítorí náà ìdánwò mi kò lè fi `?` nìkan mọ ìyàtọ̀ láàárín ètò tí ó jáde pẹ̀lú 0 àti ètò tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ń lo 42 fún ìjáde àkọ́kọ́ àti 43 fún èkejì nínú ìsopọ̀ kan náà, ìdánwò sì gbọ́dọ̀ rí W2a àti W2b tẹ̀léra. W2a ń dé. Lẹ́yìn vRun (packet tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ètò) kejì, W2a ló tún ń dé dípò W2b, mo sì fura pé mo ń tọ́jú ìròyìn ikú àtijọ́ síbì kan tí n kò nù kúrò. Ibẹ̀ ni mo wà ní alẹ́ òní.

---

Baba_Kánẹ́lì kọ:

Wo ibi tí o ń tọ́jú ìròyìn tí o fẹ́ fi dá `?` lóhùn, àbúrò. vRun gbọ́dọ̀ nù ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun.